Ilé títú àti ilé wíwó: kí lẹ fẹ́ fi kọ́ tiyín l'Àkúrẹ́?

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà, ilé sì wọ inú ọ̀nà. Ilé yàrá márùn-ún tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlá kọ́, tówó bá wà wọ́n á gbé e sókè díẹ̀, tí ò bá sí koríko á hù nínú pálọ̀. Gbogbo wa ya lọ síbẹ̀ pé ká bá wọn kó ohun tó bá ṣe é kó kí katapílà tó dé, ẹ wá gbọ́ ohun tá a rí kó: ilẹ̀kùn ìrókò mẹ́ta, gèètì, wíńdò díẹ̀, páànù tí ìdajì ẹ̀ ti ya lójú ìṣó. Ó parí. Rọ́ọ̀dù, àwọn oníbọ́lá ló wá fi hámà yọ ọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti wó. Búlọ́ọ̀kù, táìsì, sílíìnì POP, páìpù tí wọ́n rì mọ́ ògiri, gbogbo ẹ̀ di òkìtì àkúfọ́, a sì tún sanwó fún típà tó wá kó o dànù. Owó la fi kọ́ ọ, owó la tún fi sin ín.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa dúró ti iṣẹ́ fún àwọn tó wà lókè òkun tí wọ́n ń kọ́lé sílé, mo ti bá bíríkìlà, káfíńtà àti wẹ́dà fa ọ̀rọ̀ débi pé mo mọ ìwà oníkálukú wọn, àmọ́ ọjọ́ yẹn lojú mi là sí nǹkan kan. Ẹ wo bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ná. A máa ń tú aṣọ tí télọ̀ rán, a máa ń tú ẹ́ńjìnnì, a máa ń tú àtíbàbà lẹ́yìn òde. Ilé ńkọ́? Wíwó la máa ń wó o. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan ní òun fẹ́ lọ tú ilé. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ilé ò ṣe é tú, bá a ṣe so ó pọ̀ ni ò jẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá fi bóòtì àti sìkúrúù so, sípánà ló máa tú u, èyí tẹ́ ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀, hámà lẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì sọ pé ilé tèmi ò ní wó láéláé o. Ọ̀nà lè fẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ lè dé, odò Àlà lè kún, àwọn ọmọ lè dàgbà kí wọ́n láwọn fẹ́ sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé nǹkan mẹ́rin tá a lè fi kọ́lé wò: búlọ́ọ̀kù oní-sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa, pákó àti irin.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́, tó bá dọjọ́ tí ilé gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, mélòó nínú ẹ̀ ló máa jáde lódidi. Mo ní lódidi o, torí nǹkan méjì lèèyàn máa ń pò pọ̀ níbí: kí ilẹ̀kùn kúrò nílé yìí kó lọ di ilẹ̀kùn nílé mìíràn, ìyẹn yàtọ̀ sí kí rọ́ọ̀dù lọ wọ iná kí wọ́n yọ́ ọ kó tó di rọ́ọ̀dù. Méjèèjì dáa, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ lowó wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tẹ́ ẹ máa ná, àti owó tẹ́ ẹ máa rí gbà padà. Mi ò ní kọ iye síbí, iye tí mo bá kọ lónìí á ti dirọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkẹta, òjò àti ikán, torí láti April títí dé October òjò ò fi wá sílẹ̀, ikán ò sì lọ ìsinmi rárá. Ìkẹrin, ṣé ẹ máa rí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ lọ wá a sí Èkó. Èyí tó kẹ́yìn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ta ló máa rà á? Nǹkan lè jáde lódidi, tí ò bá ti lóníbàárà, pàǹtí náà ni.

Búlọ́ọ̀kù oní-sìmẹ́ǹtì

Ìyáálé nìyí. Gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n, gbogbo onílẹ̀ ló fẹ́ ẹ, àwọn ayálégbé sì gbà pé òun nìkan ni ilé. Òjò ò rí i gbé ṣe, ikán ò lè jẹ ẹ́. Ẹ lè kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bówó bá ṣe ń wọlé, mi ò rí ẹgbẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Àmọ́ tó bá di títú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mọ́tà tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sábà máa ń le ju búlọ́ọ̀kù fúnra ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn búlọ́ọ̀kù etí títì tí wọ́n ti fi iyanrìn jẹ àpò sìmẹ́ǹtì kan tán, ẹ ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, búlọ́ọ̀kù ló máa kọ́kọ́ fọ́ kí mọ́tà tó mira. Nílùú Òyìnbó, àwọn bíríkì ilé àtijọ́ wà tí wọ́n ṣì ń yọ tà dòní, ohun tó fà á ni pé láìmù ni wọ́n fi mọ wọ́n nígbà yẹn, òkúta ẹfun tí wọ́n sun, kò le tó bíríkì, wọ́n á kàn gbá a kúrò lára ẹ̀ ni. Sìmẹ́ǹtì kì í gbá. Sìmẹ́ǹtì yìí kan náà, ṣíṣe ẹ̀ nìkan ń kó bí ìdá 8 nínú 100 gbogbo èéfín kábọ̀n tọ́mọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, torí iná tí wọ́n fi ń sun òkúta ẹ̀ àti èéfín tó ń tinú òkúta ọ̀hún gan-an jáde. Ká wá fi kọ́lé, ká fọ́ ọ lógún ọdún, ká fi dí kòtò.

Dídí kòtò náà lò ó. Ẹ lè lọ̀ ọ́ sábẹ́ ìpìlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dà á sójú ọ̀nà tó ń yọ̀, kò burú, ṣùgbọ́n àkúfọ́ ni iye ẹ̀.

Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù náà lẹ máa fi kọ́ ọ (ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa fi ń kọ́lé nìyẹn), ẹ jẹ́ kó jẹ́ ògiri nìkan ni ò ní ṣe é tú. Àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Frank Duffy, ohun tó sọ wọ̀ mí lọ́kàn gan-an: ilé kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ìpele ìpele ni, oníkálukú pẹ̀lú ọjọ́ orí tiẹ̀. Òpó àti ìpìlẹ̀ lè lo àádọ́ta ọdún, wáyà àti páìpù ò ju bí ọdún márùndínlógún lọ, ohun tó wà nínú yàrá ẹ ti fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Kí wá ló dé tá a fi ń ri páìpù tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ sínú ògiri tó máa kẹ́yìn? Ẹ gba ìta ògiri fún páìpù. Wáyà, ẹ fi í sínú kọ́ńdúìtì, ìyẹn páìpù wáyà, kó lè ṣe é fà yọ. Férémù ilẹ̀kùn àti wíńdò, sìkúrúù gígùn ni kẹ́ ẹ fi mú un, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi mọ́tà dì í pa. POP, ẹ̀yin lẹ mọ̀, ó rẹwà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń rẹwà, sílíìnì PVC tàbí ti pákó á jáde lódidi. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ gbé fóònù yín kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ibi tí páìpù gbà, ibi tí wáyà gbà. Ọ̀fẹ́ ni, mo sì ti rí ibi tí fọ́tò kan gba ògiri méjì lọ́wọ́ ṣísẹ́lì.

Búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa tó ń wọra

Ẹ má fi pe íńtálọ́kì ojúde ilé o, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Íńtálọ́kì tí wọ́n tò sójúde, orí iyanrìn ló jókòó sí, kò sí mọ́tà láàárín wọn. Tí páìpù omi bá bẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún páìpù ṣe, wọ́n á tò ó padà, ẹ ò ní mọ̀. Ojúde ilé wa ti ṣe é tú tipẹ́, ilé gan-an ló kù.

Bákan náà ni búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa yìí. Ilẹ̀pa tó kún Àkúrẹ́ yìí náà ni, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pò ó, ìdá 5 sí 10 nínú 100, wọ́n á kó o sínú mashíìnì tó máa fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sí pé à ń fi iná sun ún. Ó ní ibi tó yọ àti ibi tó wọlé, ọ̀kan á há sínú ìkejì. Mọ́tà ò ju ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti àwọn ìlà òkè lọ, tó kù, wọ́n kàn ń tò ó léra gbígbẹ ni. Ẹ ti mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí lọ́jọ́ títú: ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè, ẹ yọ ọ́, ẹ tò ó sínú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Hydraform ti South Africa lorúkọ ẹ̀ gbòde jù nídìí irú mashíìnì yìí, NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, náà ti ń polongo ẹ̀ fún wa nílẹ̀ yìí.

Kò wá gbọ́dọ̀ rẹ. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ yín ga kúrò nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa, bí mítà kan bẹ́ẹ̀, kí òjò má máa na ara ògiri. Bí ilẹ̀pa bá lámọ̀ jù ó máa sán, tó bá níyanrìn jù ó máa rún, àyẹ̀wò kan wà tí ò náni ní nǹkan: ẹ bu ilẹ̀pa sínú ìgò, ẹ pọn omi lé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, iyanrìn á jókòó sísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè, ẹ ó rí ìlà wọn. Ẹ má lo ilẹ̀ dúdú òkè tí koríko ń hù lé. Búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, àwọn tí ò ní sùúrù níbí ló ń sọ pé kò lágbára.

Ìṣòro tó ń dùn mí níbẹ̀ ni oníṣẹ́. Bíríkìlà tó ti fi mọ́tà bo àléébù ẹ̀ látọdún yìí wá, ẹ ní kó tò ó gbígbẹ, ilẹ̀ tí ò bá tẹ́jú nísàlẹ̀ á jáde lókè, kò sí ibi tó máa fi pa mọ́. Mo rí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tà sí gbogbo ìlà lẹ́yìn mi torí pé “ọkàn òun ò balẹ̀”. Bó ṣe sọ ilé títú di ilé wíwó nìyẹn, láàárín ọjọ́ méjì tí mo lọ sí Ọ̀wọ̀.

Ilé alámọ̀ ti àwọn baba wa ńkọ́? Kò sí ilé tó ṣe é lò padà tó o lágbàáyé. Ògiri ẹ̀ bá wó, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún fi mọ ògiri. Ẹ gun Òkè Ìdànrè, ẹ ó rí bí ilé àtijọ́ ṣe ń padà di ilẹ̀ láìsí típà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ lónìí gbọ́dọ̀ láyè láti máa rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, mi ò sì mọ ọ̀pọ̀ tó láyè ọ̀hún.

Pákó

Tí mo bá ní kẹ́ ẹ fi pákó kọ́lé, ẹ máa bi mí pé ṣé ìsọ̀ lẹ fẹ́ kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìsọ̀. Ìyá oníbùkà tó wà létí títì tí wọ́n ti lé kúrò níbi mẹ́ta, ẹ lọ wo bùkà ẹ̀. Igi mẹ́jọ, páànù mẹ́wàá, ojú pákó mẹ́rin tí wọ́n kàn tì mọ́ra. Wọ́n bá lé e lówùúrọ̀, ó ti ń ta ìyán níbòmíràn kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹyọ pákó kan ò sọnù. Ohun tí àwọn kan ń lọ kọ́ ní yunifásítì lórí ilé títú, ìyá yẹn ti ń ṣe é láti ọdún gbọ́nhan, kò kàn sẹ́ni tó bi í ni.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì rèé, ìlú gẹdú ni wá. Ìrókò, apá, tíìkì, ìwọ̀nyí lágbára, ikán kì í fẹ́ràn inú ìrókò àti tíìkì. Arère àti àfàrà fúyẹ́, ẹ má fi wọ́n síbi tí òjò tàbí ilẹ̀ máa kàn. Pákó àtijọ́ gan-an lọ́jà, ẹni tó bá ń tú ilé tó ní ìrókò láti 1970 sẹ́yìn, kó má jẹ́ kí wọ́n fi hámà débẹ̀, irú igi bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ nínú igbó mọ́, àwọn tó ń kan àga á sáré rà á. Ní Japan, ojúbọ kan wà ní Ise, gbogbo ogún ọdún ni wọ́n ń fi igi tuntun kọ́ ọ látilẹ̀, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 2013, igi ti àtijọ́ kì í sì lọ síná, wọ́n á pín in fún àwọn ojúbọ mìíràn tó nílò ẹ̀.

Ibi tí pákó ti ń bàjẹ́ fún títú ni ìṣó. Ìṣó á ya á nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á yọ, á sì tún já sínú ẹ̀, bílédì sọ́ọ̀ ò ní fojúure wò ó. Ẹ lo bóòtì níbi tí igi ńlá bá ti pàdé, sìkúrúù níbi kékeré. Ẹ kun ún ní Solignum, oògùn tó ń lé ikán kúrò lára igi, ẹ má lo ọ́ìlì kọ̀ndẹ́mù, mo mọ̀ pé òun lẹ mọ̀, àmọ́ pákó tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹni tó fẹ́ fi ṣe bẹ́ẹ̀dì ò ní rà á lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹsẹ̀ òpó, ẹ gbé e lé kọnkéré, kó má kan ilẹ̀. Iná ni mi ò ní purọ́ fún yín lórí ẹ̀: ilé pákó tó fara mọ́ kíṣìnì oní-gáàsì, ẹ jẹ́ kí kíṣìnì yẹn jẹ́ búlọ́ọ̀kù.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí ṣá. Mo ra pákó 2x6 tokunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, mi ò la á wò, ìta ẹ̀ dán bí ojú ọmọge, inú ẹ̀ ti di erùpẹ̀. Ẹ máa kan án kẹ́ ẹ tó ra, dídún ẹ̀ á sọ fún yín.

Irin àti kọ̀ntéínà

Òun ló wọ́n jù lójú ẹsẹ̀, òun náà ló sì ń padà wá jù. Férémù irin tí wọ́n fi bóòtì so, ẹ tú u lónìí, ẹ tò ó síbòmíràn lọ́la, kò sí ẹyọ kan tó máa fọ́. Kì í ṣe àṣà òní o. Ní London lọ́dún 1851, wọ́n fi irin àti gíláàsì kọ́ Crystal Palace sí Hyde Park fún ìpàtẹ ọjà, ìpàtẹ parí, wọ́n tú u, wọ́n lọ tún un kọ́ sí Sydenham, wọ́n ṣí i lọ́dún 1854, ibẹ̀ ló wà títí iná fi jó o ní 1936. Èyí tó ṣojú wa ni Stadium 974 ní Qatar, World Cup 2022, níbi tí Brazil ti na South Korea 4-1. Kọ̀ntéínà 974 pẹ̀lú férémù irin ni wọ́n fi ṣe é, látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti yà á pé wọ́n máa tú u.

Tiwa l'Àkúrẹ́, kọ̀ntéínà ṣọ́ọ̀bù ni, ogún ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bíi mítà 6 ní gígùn, fífẹ̀ ẹ̀ ò sì pé mítà 2.5. Ẹ máa gé ojú fèrèsé sí i, kẹ́ ẹ fi nǹkan tẹ́ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi páànù mìíràn bò ó lókè kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ní February ẹ máa rò pé inú ààrò lẹ wà. Wẹ́dà pọ̀ nílùú, ìyẹn dáa, àmọ́ wẹ́dà náà ni ìṣòro, ẹ ní kó fi bóòtì so ó, á ní wẹ́ẹ̀lì ló lágbára. Ẹ dúró tì í. Ibi tí wọ́n bá ti wẹ́ẹ̀lì, gígé ló kù, irin tí wọ́n bá sì gé kúrú lẹ́ẹ̀kan kò gùn mọ́. Ẹ kùn ún kó má dógùn-ún. Tí kò bá rí oníbàárà lódidi, àwọn oníbọ́lá á wọ̀n ọ́n ní kílò, owó ẹ̀ kì í ṣòfò.

Páànù, kíákíá

Ilé yòówù tẹ́ ẹ bá kọ́, páànù ló ń kọ́kọ́ jáde. Alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó nípọn 0.55 mìlímítà dípò 0.45 tápò bá gbà á, èyí tó nípọn ló ń fara da títú. Sìkúrúù onírọ́bà, kì í ṣe ìṣó. Tó bá tiẹ̀ ya, àwọn tó ń yọ́ ọ máa rà á, torí yíyọ́ alumíníọ̀mù àtijọ́ ò gbà ju bí ìdá 5 nínú 100 iná tí wọ́n fi ń ṣe tuntun. Ilé àtijọ́ tó bá ní òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì gbé e fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ ilé adìẹ. Eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Òun nìkan ni nǹkan tí mo mọ̀ tí mi ò ní ká tún lò.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó bá yá ilẹ̀ fi ṣòwò, tàbí tí ilẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ títì tí ò dá a lójú, kọ̀ntéínà tàbí pákó oníbóòtì, ẹ má bá búlọ́ọ̀kù lọ síbẹ̀ rárá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ yàrá fáwọn ọmọ yunifásítì FUTA, búlọ́ọ̀kù oní-sìmẹ́ǹtì ni màá gbà yín nímọ̀ràn, ọwọ́ ayálégbé le, ṣùgbọ́n ẹ yọ páìpù síta, lóòótọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹni tó ní ilẹ̀ ìdílé tí ò sí ìjà nínú ẹ̀, ní Ìlárá tàbí lọ́nà Ìdànrè, tó sì wà nílé láti dúró ti iṣẹ́, búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, kò móoru, ẹ sì lè yọ ògiri ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ fi fẹ yàrá. Ẹni tó wà lókè òkun tó jẹ́ pé fóònù ló fi ń kọ́lé, ẹ má dán ilẹ̀pa wò. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó mọ̀ pé òun máa tóbi sí i, férémù irin, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́ ẹ kàn máa tú ojú kan ni. Abà oko, pákó, ẹ má dààmú ara yín.

Bàbá Kékeré ti ń kọ́ òmíràn báyìí sí Ọbá-Ilé, búlọ́ọ̀kù náà ni, wọn ò gbọ́ tèmi lórí ilẹ̀pa. Àmọ́ ilẹ̀kùn ìrókò mẹ́ta yẹn ló wà níbẹ̀, wọ́n fi bóòtì de férémù wọn. Òrùlé báráńdà, irin, oníbóòtì náà ni. Nígbà tí wẹ́dà bi wọ́n pé “Bàbá, ṣé ẹ tún fẹ́ kó lọ ni?”, wọn ò dá a lóhùn, wọ́n wọlé, wọ́n gbé sípánà 17 tí wọ́n fowó ara wọn rà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtì ọ̀hún le fúnra wọn.